Ibi Tí Owó Wíwá Ikọ́ Ẹ̀gbẹ Ti Ń Jèrè, àti Ibi Tó Ti Ń Jò

Ẹ̀yin aṣojú ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀yin dókítà àti nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ láàbù, ẹ̀yin tó ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n, mo kí gbogbo yín pátá. Owó ni ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lé. Bí ìjọba ìbílẹ̀ bá ní iye kan lọ́wọ́ láti fi wá àwọn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ wà lára wọn tí wọn kò tíì mọ̀, ta ni kí wọ́n kọ́kọ́ lọ bá? Àyẹ̀wò wo ló yẹ kó ṣáájú, èwo ló yẹ kó tẹ̀ lé e? Níbo ni owó náà ti lè sọnù láìsí pé ẹnikẹ́ni jalè?

Nínú ìròyìn iṣẹ́ irú èyí, ohun tí a sábà máa ń kà ni pé a ti yẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ènìyàn wò, tàbí ogún ẹgbẹ̀rún. Iye yẹn nìkan kò sọ nǹkan kan fún wa. Ẹni tí a rí, tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, tó lo oògùn náà fún oṣù mẹ́fà gbáko, tó sì san, òun ni owó wa rà. Gbogbo ohun yòókù, ìnáwó ojú ọ̀nà ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí a ṣe ń ṣírò lọ.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí a kò fi jókòó sí ilé ìwòsàn ká máa retí wọn. Ní ọdún 2012, Nàìjíríà ṣe ìwádìí káàkiri orílẹ̀-èdè. Nínú 100,000 ènìyàn tó ti pé ọmọ ọdún 15, àyẹ̀wò láàbù fi hàn pé kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ wà lára 524. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ni ilé ìwòsàn kankan kò tíì mọ̀. Ẹni tó bá ń wúkọ́ ń lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì fún oògùn ikọ́ olómi, ó ń mu àgbo, ó ń gbàdúrà, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ nítorí pé ọjọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́ ni kò ní jẹun. Láàárín ọdún kan, ó lè kó o ran ènìyàn 5 sí 15 tó bá sún mọ́ ọn. Nígbà tí Nàìjíríà tẹra mọ́ wíwá kiri, iye àwọn tí a rí tí a sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dún gòkè láti 120,266 ní 2019 dé 285,561 ní 2022. Àìsàn náà kọ́ ló ṣàdédé di ìlọ́po méjì. Àwọn tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni a lọ bá. Síbẹ̀, ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ni pé àwọn tó ń ní in lọ́dún ní orílẹ̀-èdè wa ju 450,000 lọ.

Ohun tí Lọ́ńdọ̀nù fi hàn

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò kan tí wọ́n ti ṣe dójú àmì. Ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Find&Treat. Apá méjì ló ní. Apá kìíní ni ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ X-ray, tó ń lọ bá àwọn aláìnílé, àwọn tó ń lo oògùn olóró àti àwọn ẹlẹ́wọ̀n níbi tí wọ́n wà. Apá kejì ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tọpa ẹni tí àìsàn náà ti fara hàn lára rẹ̀, tí wọ́n ń rí i dájú pé ó lo oògùn dé òpin. Ní 2011, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ gbé ìṣirò iṣẹ́ náà jáde: £1.4 mílíọ̀nù ni ó ń ná wọn lọ́dún lẹ́yìn àyọkúrò gbogbo. Ọkọ̀ náà ń rí aláìsàn 16 lọ́dún, àwọn atọpa sì ń bójú tó 123.

Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ìlera ní òdiwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní QALY. Ọdún kan tí ènìyàn lò pẹ̀lú ara líle ni QALY kan. Ọdún tó fi àìsàn lò kò tó ọ̀kan, bí àìsàn náà ṣe le tó ni wọ́n fi ń yọ kúrò lára rẹ̀. Iṣẹ́ Find&Treat lápapọ̀ ń ra QALY kan ní £6,400 sí £10,000. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ohun tí kò bá ju £20,000 sí £30,000 lọ lórí QALY kan ni wọ́n kà sí owó tó bójú mu, nítorí náà iṣẹ́ náà yege dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ya apá méjèèjì sọ́tọ̀, ọkọ̀ X-ray ń ra QALY kan ní £18,000 sí £26,000, àwọn atọpa sì ń rà á ní £4,100 sí £6,800.

Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. Ọkọ̀ ni gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò, òun ni olóṣèlú ń gé rìbọ́n rẹ̀. Ẹni tó ń gun bọ́ọ̀sì lọ wá aláìsàn tí kò wá gba oògùn lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ni owó ti lérè jù. Èmi kò sọ pé kí a pa ọkọ̀ tì, nítorí ẹni tí a kò rí, a kò lè tọpa rẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwé ìnáwó tó ra ọkọ̀ tí kò sì fi owó sílẹ̀ fún atọpa ti yọ apá tó lérè jù kúrò nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọgbà ẹ̀wọ̀n kan

WHO fi sínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2021 pé kí a máa wá ikọ́ ẹ̀gbẹ láàárín àwọn ẹlẹ́wọ̀n nígbà gbogbo, nítorí pé inú ọgbà ẹ̀wọ̀n fún, afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ gba inú rẹ̀, àìsàn náà sì máa ń pọ̀ níbẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti ìgboro. Ká ní ènìyàn 1,000 wà nínú ọgbà kan, kí ikọ́ ẹ̀gbẹ sì wà lára 20 nínú wọn. Àyẹ̀wò tí yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò náà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Káàtíríìjì rẹ̀ kan, ìyẹn ike kékeré tí a ń fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí fún àyẹ̀wò kan péré, ń jẹ́ dọ́là 7.97 láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, dọ́là 9.98 ni tẹ́lẹ̀. Iye àwọn àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ lò yìí wá láti inú ìlànà WHO kan náà. Iye ènìyàn inú ọgbà àti owó X-ray nìkan ni mo fojú bù, kí ìṣirò lè rọrùn.

Ọ̀nà kìíní: ẹ bi gbogbo wọn bóyá wọ́n ti ń wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìbéèrè yìí ń mú aláìsàn 42 nínú 100, ó sì ń jọ̀wọ́ ẹni tí kò ní in 94 nínú 100. Nínú 20 tí a ní, 8 ni yóò bọ́ sọ́wọ́ wa. Nínú 980 yòókù, 59 ni yóò ní àwọn ń wúkọ́. Ènìyàn 67 ni yóò lọ sí GeneXpert, dọ́là 534. Ẹni kọ̀ọ̀kan tí a rí jẹ́ nǹkan bí dọ́là 67.

Ọ̀nà kejì: ẹ béèrè àmì mẹ́rin, ikọ́ tó wù kó jẹ́, ibà, òógùn òru àti rírù. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú wọn, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí ń mú 71 nínú 100, ṣùgbọ́n 64 péré ló ń jọ̀wọ́ nínú 100 tí kò ní in. Àwọn tí a rí di 14. Àwọn tí kò ní in tó bá wọn wọlé di 353. Káàtíríìjì 367, dọ́là 2,925, dọ́là 209 lórí ẹnì kan.

Ọ̀nà kẹta: ẹ ya X-ray àyà fún gbogbo wọn, kí ẹni tí ohunkóhun bá hàn nínú àwòrán rẹ̀ lọ sí GeneXpert. X-ray ń mú 94, ó sì ń jọ̀wọ́ 89. A rí 19, àwọn 108 tí kò ní in bá wọn lọ, káàtíríìjì 127, dọ́là 1,012. Bí a bá ka àwòrán kan sí dọ́là 2, a fi dọ́là 2,000 kún un. Àpapọ̀ dọ́là 3,012, dọ́là 159 lórí ẹnì kan.

Ọ̀nà kẹrin: ẹ gbà kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo 1,000, kí ẹ fi gbogbo rẹ̀ sí GeneXpert. Dọ́là 7,970. Nígbà tí a bá lò ó fún ẹni tí a kò tíì ṣà, 69 nínú 100 ló ń mú, nítorí ẹni tí àìsàn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò ní kòkòrò púpọ̀ nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ọ̀pọ̀ kò tilẹ̀ rí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ gidi kọ́ jáde. A rí 14, dọ́là 569 lórí ẹnì kan.

Ẹni tó bá wo dọ́là 67 ti ọ̀nà kìíní yóò ní kí a gba ìyẹn. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìwé àbá ti ń ṣìnà. Ọ̀nà kìíní fi aláìsàn 12 sílẹ̀ sínú yàrá tí àádọ́ta ènìyàn ń sùn. Ìbéèrè tó tọ́ ni pé: owó tí a fi kún un, ẹni mélòó ló fi kún àwọn tí a rí? Láti ọ̀nà kìíní sí ìkejì, a fi dọ́là 2,391 kún un, a rí ẹni 6 sí i, nǹkan bí dọ́là 399 lórí ẹni kọ̀ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kún wọn. Láti ọ̀nà kìíní sí ìkẹta, a fi dọ́là 2,478 kún un, a rí 11 sí i, dọ́là 225 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà kejì kò wá láyè mọ́, nítorí dọ́là 87 péré ló yà á sọ́tọ̀ sí ìkẹta, ó sì pàdánù aláìsàn márùn-ún tí ìkẹta rí. Ọ̀nà kẹrin náà kúrò nílẹ̀. Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, X-ray ló yẹ kó ṣáájú, bí ẹ̀rọ rẹ̀ bá wà lárọ̀ọ́wọ́tó.

Ẹ wá gbé ẹ̀rọ X-ray kan náà lọ sí ibi tí ènìyàn 2 péré nínú 1,000 ti ní in. Yóò na ọwọ́ sí àwọn 110 tí kò ní in, pẹ̀lú 2 tó ní in. Káàtíríìjì 112 jẹ́ dọ́là 893, owó X-ray dọ́là 2,000. Dọ́là 2,893 fún ẹni méjì, ó lé ní dọ́là 1,400 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó nìkan kọ́ ni ìṣòro. Bí GeneXpert bá ṣèèṣì pe ẹni 2 nínú 100 tí kò ní in ní aláìsàn, nínú 110 yẹn a ó rí ẹni méjì bẹ́ẹ̀. Nínú mẹ́rin tí a sọ fún pé wọ́n ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, méjì kò ní in rárá, wọ́n á sì fi oṣù mẹ́fà gbé oògùn tó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ mì. Ìdí nìyí tí WHO fi sọ pé kí a má yẹ gbogbo ìlú wò àfi níbi tí àìsàn náà bá ti tó 500 nínú 100,000. Ibi tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àwọn tí ewu sún mọ́ ni kí a yà sọ́tọ̀.

Àwọn tó yẹ ká kọ́kọ́ lọ bá

Ará ilé aláìsàn ni àkọ́kọ́, mo sì dúró lórí èyí. Àkójọ àwọn ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2013 fi hàn pé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ sí, nǹkan bí ẹni 3 nínú 100 tó ń bá aláìsàn gbé ló ti ní ikọ́ ẹ̀gbẹ fúnra wọn. Bí ilé ìwòsàn bá ní aláìsàn 100 lórí oògùn, tí ẹni mẹ́rin ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé, 400 ènìyàn nìyẹn, a sì lè retí aláìsàn 12. Kò gba ọkọ̀ ńlá, kò gba ẹ̀rọ amúnáwá. Nọ́ọ̀sì kan, owó bọ́ọ̀sì, ìwé àkọsílẹ̀ àti àwọn ife ìkó-kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló gbà. Àǹfààní kejì wà níbẹ̀: ará ilé tí a yẹ̀ wò tí kò ní in lè gba oògùn ìdènà. Èyí tí wọ́n ń pè ní 3HP, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12 ni wọ́n ń lò ó, àdéhùn kan ní 2019 sì já owó rẹ̀ wálẹ̀ láti dọ́là 45 sí dọ́là 15. Ìrìn kan náà ṣe iṣẹ́ méjì.

Ọmọdé wà nínú ará ilé, ọmọdé kì í sì í mọ bí a ṣe ń kọ́ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde. GeneXpert lè lo ìgbẹ́ ọmọ dípò rẹ̀. Ìyá lè gbé e wá nínú ike mímọ́, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kò sì béèrè rẹ̀.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn tó ń gba oògùn HIV. Wọ́n ń wá sí kíníkì fúnra wọn, nítorí náà kò ná wa ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ láti béèrè àmì mẹ́rin yẹn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wá. Ẹni tí àìsàn HIV rẹ̀ ti wọra gan-an, àyẹ̀wò ìtọ̀ LAM ń fún wa ní èsì láàárín ìṣẹ́jú 25, láìsí iná mànàmáná. Bákan náà ni àwọn tó ń fọ́ òkúta. Eruku òkúta ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ. WHO ti ka àwọn tó ń fà á símú mọ́ àwọn tí a gbọ́dọ̀ máa yẹ̀ wò. Ní agbègbè Abẹ́òkúta tí òkúta pọ̀ sí, ẹ mọ ibi tí ẹ ó ti rí wọn.

Ní ti àdúgbò tó há, irú Ajégúnlẹ̀ tàbí Makoko, ìwádìí Harare ní Zimbabwe, tó jáde ní 2010, ni mo máa ń tọ́ka sí. Wọ́n pín àdúgbò sí ọ̀nà méjì. Ní apá kan, òṣìṣẹ́ ń kan ilẹ̀kùn ilé kọ̀ọ̀kan. Ní apá kejì, ọkọ̀ ń wá pẹ̀lú gbohùngbohùn, ó ń dúró sí ojúde, ẹni tó ń wúkọ́ ń jáde wá. Ní gbogbo oṣù mẹ́fà ni wọ́n ń padà wá. Ọkọ̀ rí aláìsàn 255, àwọn akanlẹ̀kùn rí 137. Ní àdúgbò wọ̀nyẹn lápapọ̀, àìsàn náà wálẹ̀ láti 6.5 sí 3.7 nínú 1,000. Lójú tèmi, ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá ti pinnu pé òun fẹ́ mọ̀, ẹni tí a kan ilẹ̀kùn rẹ̀ sì mọ̀ pé aládùúgbò ń wo òun.

Ibi tí nǹkan ti ń wọ́

Owó ọkọ̀ kì í yí padà bí èrò bá kéré. Ká ní epo dísẹ́ẹ̀lì, awakọ̀, onímọ̀ X-ray, nọ́ọ̀sì àti oúnjẹ wọn jẹ́ ₦300,000 lọ́jọ́ kan. Bí ènìyàn 60 bá wá, ₦5,000 lórí ẹnì kan. Bí 150 bá wá, ₦2,000. Ohun tó ń mú 60 di 150 ni ọjọ́ méjì tí ẹnì kan fi lọ rí baálẹ̀, ìyálọ́jà, lémọ̀mù àti pásítọ̀ ṣáájú. Bí ọkọ̀ bá dé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ ọjà, àwọn ọkùnrin tó ń kan ilé, àwọn ọlọ́kadà àti àwọn alápatà, tí àìsàn náà sábà máa ń wà lára wọn jù, ti jáde nílé. Ọ̀sán tó ń lọ sí ìrọ̀lẹ́ ló dára fún wọn.

Láàbù ni ibi kejì. GeneXpert oníhò mẹ́rin, tó lè ṣe àyẹ̀wò mẹ́rin pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ń lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 80 lórí àyẹ̀wò kan tí a bá lo irú káàtíríìjì tí wọ́n ń pè ní Ultra. Ní ọjọ́ iṣẹ́ kan, bí iná kò bá lọ, 16 sí 20 ni ó lè ṣe. Àwọn 127 tí X-ray ọgbà ẹ̀wọ̀n yẹn nàka sí yóò gba láàbù náà ní ọ̀sẹ̀ kan ó lé. Ìwé àbá tó ka iye X-ray tí kò ka iye ihò GeneXpert ti ṣètò ìdádúró sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín àyẹ̀wò, káàtíríìjì yẹn ti bàjẹ́, dọ́là 7.97 lọ, ẹ̀rọ tí kò ní inverter ń jẹ owó tó lè ra inverter. Ooru náà ń bà á jẹ́: ẹ̀rọ náà ń fẹ́ yàrá tí kò gbóná ju ìwọ̀n 30 lọ, káàtíríìjì kò sì gbọ́dọ̀ wà níbi tó ju 28 lọ. Wọ́n ṣe káàtíríìjì fún omi ìpò tó jẹ́ ìlọ́po méjì kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kí a mì í dáadáa, kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú 15, kí a tó fa mílílítà 2 sínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá ń kánjú tó gé ìṣẹ́jú 15 yẹn kúrú máa ń fi kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tó ṣì ki sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á kọ̀ ọ́, á sì tún nílò káàtíríìjì mìíràn.

Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fúnra rẹ̀ ń kọ́? Itọ́ ni ọ̀pọ̀ ń gbé wá. Kí ẹni náà fi omi ṣan ẹnu, kí ó bọ́ síta gbangba, kí ó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ó tó wúkọ́ láti ìsàlẹ̀ àyà. Ti òwúrọ̀ kùtù ló dára jù. Ara ife ni kí a kọ orúkọ sí; ẹni tó kọ ọ́ sórí ìdérí yóò rí i pé ìdérí méjì lè pààrọ̀ ara wọn lórí tábìlì, kí oògùn sì lọ bá ẹlòmíràn.

Láti dín káàtíríìjì kù, àwọn kan ń pò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹni mẹ́rin pọ̀ sínú ọ̀kan. Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, ẹni mẹ́rin ti bọ́. Bí ó bá wà, a ó yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ẹni 5 nínú 100 ti ní in, káàtíríìjì 44 ló tó fún 100 ènìyàn. Níbi tí 25 ti ní in, 93 ni yóò gbà, gbogbo wàhálà náà kò sì tó nǹkan mọ́. Ará ilé aláìsàn ni ó bá mu, kì í ṣe àwọn tí X-ray ti nàka sí. Ẹni tí kòkòrò rẹ̀ kéré lè sọnù sínú àpòpọ̀, nítorí náà kí a má lò ó fún ẹni tí ó ní HIV.

Kọ̀ǹpútà tó ń ka X-ray wà pẹ̀lú. WHO fọwọ́ sí i ní 2021 fún ẹni ọdún 15 sókè. Ó ń fún àwòrán kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 100, àwa la ó sì pinnu máàkì tí a ó ti máa béèrè kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Bí a bá fà á wálẹ̀, káàtíríìjì á tán. Bí a bá gbé e sókè, aláìsàn á bọ́. Ẹ má kàn mú máàkì tí orílẹ̀-èdè mìíràn lò. Ẹni tó ti ní ikọ́ ẹ̀gbẹ rí, tí àpá rẹ̀ wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, àti ẹni tí eruku òkúta ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, máàkì wọn máa ń ga bí kò tilẹ̀ sí kòkòrò. Ẹni tó ti gba oògùn rí, GeneXpert Ultra náà lè rí òkú kòkòrò tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀, kí ó pè é ní aláìsàn.

Ibi tó ń jò jù

Láti ìgbà tí àwòrán ti nàka sí ẹnì kan títí tí yóò fi san, ìpele márùn-ún ni: kí ó fún wa ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ náà dé láàbù, kí èsì padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ oògùn, kí ó sì lò ó tán. Bí a bá ń pàdánù 10 nínú 100 péré ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ènìyàn 59 nínú 100 ló ń dé òpin. Ẹni tó ń pọn omi sínú agbè tó jò, kó tó ra agbè kejì, kó kọ́kọ́ dí ihò ti àkọ́kọ́. Àwọn 19 tí X-ray rí nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n wa, 11 péré ni yóò san. Dọ́là 3,012 tí a ná, a kò gbọdọ̀ pín in sí 19 mọ́. 11 la ó pín in sí, dọ́là 274. Ẹ jẹ́ ká fi dọ́là 300 kún un fún owó bọ́ọ̀sì, káàdì ìpè àti atọpa kan, kí a má fi pàdánù ju 5 nínú 100 lọ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó san á lé díẹ̀ sí 14 àti àbọ̀. Ẹni kọ̀ọ̀kan tó kún wọn kò ná wa tó dọ́là 90. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú gbogbo ohun tí a ti ṣírò tó rà á ní iye yẹn. Ìṣirò Lọ́ńdọ̀nù náà nìyí, ó kàn wọ aṣọ mìíràn ni.

Ìdí tí wọ́n fi ń bọ́ kì í sábà jẹ́ àìgbọ́ràn. Ọ̀fẹ́ ni oògùn, ṣùgbọ́n ìwádìí ọdún 2017 ní Nàìjíríà fi hàn pé nínú ìdílé 100 tí ikọ́ ẹ̀gbẹ wọ̀, 71 ni ó ná ju ìdá márùn-ún owó tó ń wọlé fún wọn lọ. Ọkọ̀, oúnjẹ àti iṣẹ́ tí kò lè ṣe mọ́ ni. Nígbà tí ẹnì kan bá gbé ìṣirò wá fún yín, ẹ bi í pé owó àpò ta ni ó kà. Ará Èkó tó fẹ́ lọ gbé ní Britain fún ohun tó ju oṣù mẹ́fà lọ gbọ́dọ̀ ya X-ray àyà kó tó gba físà, àpò ara rẹ̀ ló sì ti ń san án. Nínú ìwé ìṣirò ìjọba Britain, àyẹ̀wò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó ń kó aláìsàn wá sí ilé ìwòsàn nígbà mẹ́rin kí ó tó gba èsì ń ṣe irú ìṣirò kan náà, ó ń fi owó pamọ́ sínú àpò tí kò ní nǹkan.

Ní oṣù kìíní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá owó ìrànwọ́ rẹ̀ sí òkè òkun dúró, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ wíwá ikọ́ ẹ̀gbẹ ní Nàìjíríà ló sì wà lórí owó yẹn. Ẹni tó bá ní díẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, kí ó kọ́kọ́ ṣe ti ará ilé, kí ó tẹ̀ lé e pẹ̀lú kíníkì HIV àti ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí ọkọ̀ àdúgbò tẹ̀ lé wọn. Kí ó má sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí ó dáwọ́ dúró. Ní ìpínlẹ̀ Ca Mau ní Vietnam, wọ́n fi GeneXpert yẹ àwọn ará abúlé wò lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́ta. Nígbà tó yá, àìsàn náà jẹ́ 126 nínú 100,000 ní abúlé tí wọ́n ti ṣe é, 226 ní ibi tí wọn kò ti ṣe é. Pípadà lọ́dọọdún ló mú un wálẹ̀.

Ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, ohun kan ṣì kù tí ó yẹ kí ó wà nínú ìwé ìnáwó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà níbẹ̀ ń dúró de ìdájọ́. Wọ́n lè mú ẹnì kan lọ sí kóòtù láàárọ̀ kí adájọ́ dá a sílẹ̀ lọ́sàn-án, kí èsì rẹ̀ dé lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ tí a bá gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni kí a ti kọ nọ́ńbà fóònù ìbátan méjì sílẹ̀, àdúgbò tó ti wá, àti ilé ìwòsàn alábọ́dé tó sún mọ́ ibẹ̀. Ẹni tó bá wà lórí oògùn kò gbọ́dọ̀ jáde láìmú oògùn ọ̀sẹ̀ méjì àti lẹ́tà dání, kí ẹnì kan nínú ọgbà sì pe ilé ìwòsàn náà ní ọ̀sẹ̀ kan náà láti bi wọ́n bóyá ó ti dé. Káàdì ìpè, ìwé lẹ́tà àti ẹni tí iṣẹ́ náà wà lọ́rùn rẹ̀: ẹ wá ìlà wọn nínú ìwé ìnáwó kí ẹ tó fọwọ́ sí i.